Ábídí Ẹlẹ́ranko: Ẹ̀kọ́ fún Ìyá àti Ọmọ ní Ìsọ̀

 

Ẹ̀kọ́ wa tòní wà fún gbogbo ìyá tó ń mú ọmọ wá sí ìsọ̀, láti Ọjà Ọba ní Òṣogbo títí dé ọjà Àtàkúnmọ́sà ní Iléṣà. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló lè ka A, B, D láti òkè délẹ̀ bí ẹni ń kọrin. Ṣùgbọ́n ẹ fi ìka tọ́ka sí lẹ́tà kan ṣoṣo láàárín, ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí wo ojú ìyá rẹ̀. Orin ló mọ̀, kò tíì mọ lẹ́tà. Ọ̀nà kan wà tí kò ná wa lówó tí a fi lè tún un ṣe: kí a sọ lẹ́tà di ẹranko.

KÍ LÓ KÀN WÁ NÍBẸ̀?

Ká ní oníbàárà yín ní abúlé fi ìwé pélébé ránṣẹ́ pé, "Ẹrù wà ní oko." Ṣé oko ni, àbí ọkọ̀ ló fẹ́ kọ? Bó bá jẹ́ oko, ẹ ṣì níláti wá ọkọ̀ tí yóò lọ kó o. Bó bá jẹ́ ọkọ̀, ẹrù ti wà lójú ọ̀nà nìyẹn, kí ẹ yára lọ dúró ní gáréèjì kí tòmátì má baà rà. Àmì kékeré abẹ́ lẹ́tà ló fa gbogbo wàhálà yìí. Bẹ́ẹ̀ náà ni "owó" àti "ọwọ́" nínú ìwé gbèsè, àti "ẹyin" tí à ń tà pẹ̀lú "eyín" tó wà lẹ́nu. Ọmọ tó bá mọ ìyàtọ̀ wọn láti kékeré yóò lè ka ìwé fún ìyá rẹ̀, kò sì ní sí ẹni tí yóò rẹ́ ẹ jẹ nídìí ìwé. Ìyá tí kò sì ráyè lọ sílé ìwé lè bá ọmọ kọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan náà.

ẸRANKO NI LẸ́TÀ TẸ́LẸ̀

Ẹ má rò pé eré lásán la fẹ́ ṣe. Ó lé ní 3,500 ọdún sẹ́yìn tí àwọn òṣìṣẹ́ kan ní aṣálẹ̀ Sínáì, lẹ́bàá Íjíbítì, ti ń ya orí màlúù sára òkúta. Orúkọ tí wọ́n ń pe màlúù ní èdè wọn ló fún wọn ní ohùn lẹ́tà náà. Nígbà tó yá, àwọn ará Fòníṣíà àti Gíríìkì ń yí àwòrán náà síhìn-ín sọ́hùn-ún, títí ìwo rẹ̀ fi kọjú sílẹ̀. Òun ló di A. Ẹ kọ A ńlá sílẹ̀, kí ẹ dorí rẹ̀ kodò: ẹ ó rí ìwo méjèèjì.

Nígbà tí lẹ́tà fi máa dé ọ̀dọ̀ wa, ìwo àti ojú ti bọ́ kúrò lára rẹ̀. Àjàyí Crowther tẹ ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1843. Ní 1875, wọ́n ṣe ìpàdé ní Èkó lórí bí ó ṣe yẹ kí a máa kọ èdè wa sílẹ̀. Lónìí lẹ́tà Yorùbá jẹ́ 25. Kí a dá ojú àti ìrù padà fún wọn ló kù.

ÀWỌN TÓ TI DÁN AN WÒ

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Lyn Wendon bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí à ń pè ní Letterland ní 1968. Níbẹ̀, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan di ẹranko tàbí ènìyàn tó ní orúkọ tirẹ̀. Ní 1984, Linnea Ehri àti àwọn méjì mìíràn ní Amẹ́ríkà dán an wò lára àwọn ọmọ tí kò tíì mọ̀wé kà. Wọ́n fi àwòrán tó gba ìrísí lẹ́tà gan-an han àwọn kan. Wọ́n fi àwòrán tí kò jọ lẹ́tà náà rárá han àwọn mìíràn. Àwọn tó rí lẹ́tà nínú àwòrán ló mọ̀ ọ́n jù. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro: bí ọmọ bá rí lẹ́tà, ó rántí ẹranko, bó bá rántí ẹranko, orúkọ rẹ̀ á fún un ní ohùn lẹ́tà.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra o! A kò gbọdọ̀ kó ti Gẹ̀ẹ́sì bẹ́ẹ̀ wá sílé. Àwọn òyìnbó máa ń ya S bí ejò, nítorí pé ohùn S ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ ejò ní èdè wọn. Bí ẹ bá ya S bí ejò fún ọmọ tiwa, kí ni yóò pè é? Ejò ni! Á wá máa ka S bí E. Nítorí náà, nǹkan méjì gbọ́dọ̀ pé: kí ẹranko jọ lẹ́tà, kí lẹ́tà yẹn sì bẹ̀rẹ̀ orúkọ ẹranko ní Yorùbá. Bí ọ̀kan bá yẹ̀, ẹ fi sílẹ̀.

LẸ́TÀ MÉJE TÍ A Ó FI BẸ̀RẸ̀

A: àgbò. Ẹ kọ A ńlá, kí ẹ dorí rẹ̀ kodò, kí ẹ fi ojú sí i. Orí àgbò oníwo nìyẹn. Fún a kékeré, ẹ lo àdàbà: ikùn rẹ̀ rí roboto, ìrù rẹ̀ wà lẹ́yìn.

E: ejò. Ẹ kọ e kékeré. Ejò ni ó ká ara rẹ̀ jọ, tí orí rẹ̀ wà ní àárín. Ẹ fi ojú kan àti ahọ́n sí orí náà.

Ẹ: ẹyẹ. Ẹyẹ ti ká orí bọ abẹ́ ìyẹ́, ó sì ti yé ẹyin kan sílẹ̀. Àmì abẹ́ rẹ̀ ni ẹyin náà. Ẹyẹ àti ẹyin, Ẹ ló bẹ̀rẹ̀ méjèèjì. Ejò tirẹ̀ kò ní nǹkan lábẹ́ nínú àwòrán wa.

J: jàkùmọ̀. Ó jókòó sórí ẹ̀ka igi, ìrù rẹ̀ wá wọ́ sílẹ̀, ó ká lábẹ́. Ìrù yẹn ni J. Ẹ rántí òwe àwọn àgbà pé jàkùmọ̀ kì í rìn lọ́sàn-án.

K: kìnnìún. Igi tó dúró ni ara rẹ̀. Apá méjèèjì tó yà ni ẹnu tó là. Ẹ fi eyín sí i.

O: ológbò. Ológbò sùn, ó ká roboto. Etí méjì lókè, ó parí.

Ọ: ọká. Ọká náà ká roboto bíi ti ológbò, ṣùgbọ́n ṣóńṣó ìrù rẹ̀ yọ lábẹ́. Ìrù yẹn ni àmì. Ẹni tí kò bá rí ìrù lè fọwọ́ kan ọká, kó rò pé ológbò ni!

BÍ A Ó ṢE KỌ́ Ọ

Ohun èlò kò ju páálí àti èédú lọ. Ẹ má sọ pé ẹ ò mọ àwòrán yà. Àwọn ìyá wa ló ń fi ìyẹ́ adìẹ àti ẹ̀kọ láfún ya ẹyẹ, àkekèé àti alángbá sára àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Nínú Igbó Ọ̀ṣun tí UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní 2005, Adébísí Àkànjí tó ti ń ṣe bíríkìlà tẹ́lẹ̀ wà lára àwọn tó bá Susanne Wenger fi sìmẹ́ńtì ṣe ère níbẹ̀. Ọwọ́ wa mọ iṣẹ́ yìí.

1. Ẹ kọ lẹ́tà náà fàlàlà kí ẹ tó fi ojú, etí tàbí ìrù sí i. Lẹ́tà ni kó hàn jù. Bí ọ̀ṣọ́ bá pọ̀ jù, ọmọ ò ní rí lẹ́tà mọ́.

2. Ẹ pe orúkọ ẹranko, kí ẹ fa ohùn àkọ́kọ́ rẹ̀: "O... o... ológbò." Kí ọmọ máa fi ìka tọ lẹ́tà bí ó ti ń pè é.

3. Lọ́jọ́ kejì, ẹ kọ ọ́ pẹ̀lú etí nìkan. Lọ́jọ́ kẹta, ẹ kọ lẹ́tà lásán. Bó bá gbàgbé, ẹ bi í pé, "Ta ló sùn níbí?" Ẹ má sọ fún un kíákíá.

4. Ẹ ní kó wá lẹ́tà náà lára àpò ìrẹsì, agolo wàrà àti páálí tòmátì. Ọjà wa kún fún lẹ́tà.

5. Ẹ má kọ́ O àti Ọ lọ́jọ́ kan náà. Ẹ jẹ́ kí ológbò múlẹ̀ dáadáa kí ọká tó dé. Bákan náà ni E àti Ẹ. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá fi wọ́n wé ara wọn.

Ẹ má fi ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, nígbà tí oníbàárà bá fà sẹ́yìn. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

ÈRÈ RẸ̀ RÈÉ

Ẹ wo ohun tí lẹ́tà méje yìí lè kọ: ajá, ẹja, ejò, ọká, oko, ọkọ̀. Ẹlẹ́ja ti rí ọjà rẹ̀. Ẹlẹ́kọ náà rí tirẹ̀: ẹ̀kọ. Àwọn tó ń ta irin iṣẹ́ rí ọkọ́. Èyí tó wá dùn jù ni pé J àti A tó wà nínú ẹja náà ló wà nínú ỌJÀ, a kàn fi ọká sípò ẹyẹ ni. A, J àti E ló sì kọ AJÉ. Ọmọ tó bá mọ ẹranko méje péré ti lè kọ ọjà àti ajé!

Ibẹ̀ náà lẹ ó ti fi àmì ohùn hàn án, pé "ẹ̀kọ" tí à ń mu kì í ṣe "ẹ̀kọ́" tí à ń kọ́, bẹ́ẹ̀ ni "ọkọ" inú ilé kì í ṣe "ọkọ́" oko.

Lẹ́yìn méje yìí, ẹ lè tẹ̀ síwájú. I ni ìwo ìgbín, tí ojú rẹ̀ wà ní ṣóńṣó òkè. Ẹ wo ìgbín dáadáa, ibẹ̀ ni ojú rẹ̀ wà lóòótọ́. L ni ẹsẹ̀ lékeléke. M ni ìwo màlúù. P ni ọrùn àti orí pẹ́pẹ́yẹ. S ni sèbé tó gbé orí sókè.

Kì í ṣe gbogbo lẹ́tà ló ní ẹranko tó jọ ọ́, a ò sì gbọdọ̀ fi tipátipá wá a. Ẹ wo inú igbá ọjà. B ni búrẹ́dì tí a gbé dúró, tó wú ní ọ̀nà méjì. D ni dòdò tí a là sí méjì. GB ni gbúre ọ̀dọ̀ ẹlẹ́fọ̀ọ́. Kò jọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ sọ fún ọmọ pé lẹ́tà kan ṣoṣo ni GB, kì í ṣe méjì. U ńkọ́? Nínú Yorùbá àjùmọ̀lò, kò sí ọ̀rọ̀ tó fi U bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin Ìjẹ̀ṣà, ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin lẹ ni í! Ulé ni ilé yín, ugbá sì ni igbá yín. Ẹ wo U: igbá tó ṣí sílẹ̀ ni.

ṢÉ KÒ NÍ DÍ GẸ̀Ẹ́SÌ LỌ́WỌ́?

Ọ̀pọ̀ ìyá ló ń bẹ̀rù èyí, tí wọ́n ń sọ pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń kọ́ ọmọ ní jẹ́lé-ó-sinmi. Ẹ wo ìtòsí wa níbí. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ní ilé ìwé St. Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan. Àwọn yòókù yí sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Àwọn tó fi Yorùbá kàwé kò rẹ̀yìn. Wọ́n ṣe dáadáa ju àwọn yòókù lọ, títí kan Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá ti mọ̀ pé lẹ́tà dúró fún ohùn ti mọ àṣírí ìwé kíkà, èdè yòówù kó jẹ́.

IṢẸ́ ÀṢETILÉWÁ

1. Kí ìyá àti ọmọ ya ológbò àti ọká sórí páálí kan. Kí ọmọ sọ èyí tó ní ìrù lábẹ́.
2. Kí ọmọ wá O márùn-ún lára ọjà tó wà ní ìsọ̀.
3. Kí ẹ kọ "oko" àti "ọkọ̀" sílẹ̀, kí ọmọ sọ ibi tí ẹrù wà.
4. Irú ẹranko wo ló lè jẹ́ ti T tàbí ti R? Ẹ jíròrò rẹ̀ ní ìpàdé ẹgbẹ́ tó ń bọ̀.

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ọmọ tí ẹ ń kọ́ lórí páálí lónìí ni yóò bá yín ka ìwé gbèsè lọ́la. Ọlọ́run á dá àwọn ọmọ sí fún wa, ọjà á tà o.