Ta Ló Ń Bá Ta Lọ sí Lọ́ńdọ̀nù?

Ìwé kan wà lára fíríìjì wa n'Íbàdàn láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ló lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀. Ètò ìrìn àjò tí àwa méjèèjì fẹ́ rìn nínú oṣù Kẹjọ ló kọ sí i, ó sì fi lẹ́tà ńláńlá ṣe àkọlé rẹ̀ báyìí: "Mọ́mì ń bá mi lọ sí Lọ́ńdọ̀nù."

Mo pè é jáde. Mo ní, "Ta ló ń sanwó bàálù?"

"Ẹ̀yin ni, mà."

"Ta ló ń sáré físà?"

"Ẹ̀yin ni, mà."

"Báwo ló ṣe wá jẹ́ pé èmi ni mò ń bá ọ lọ?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Kí wá ni kí n kọ, mà?"

Mo la ẹnu, ọ̀rọ̀ ò tètè jáde. Ohun tó wà lórí ahọ́n mi ni pé èmi ni mò ń mú un lọ. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe gbójú sókè wò ó (ó ti ga jù mí lọ báyìí), mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò bá a mu. Bàbá rẹ̀ tó ń ka ìwé ìròyìn lọ́hùn-ún rẹ́rìn-ín títí awò ojú rẹ̀ fi bọ́.

Ẹ jẹ́ ká yẹ "mú" wò. Ohun tí ọwọ́ bá ká là ń mú. Ọmọ ìkókó, gbígbé là ń gbé e, tàbí ká pọ̀n ọ́n. Ọmọ ọdún mẹ́rin, a lè mú un lọ síbi tó bá wù wá, torí ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ọwọ́ wa. Bí wọ́n bá pọ̀, a ó kó wọn lọ. Àlejò tó ń padà sílé rẹ̀, a ó sìn ín sọ́nà. Ẹni tí wọ́n bá mú lọ kì í sábà ní ẹnu nínú ibi tí ìrìn náà yóò dé. Ọlọ́pàá náà ń mú ènìyàn lọ. Kódà kí á tó mú ẹlòmíràn, ara wa la kọ́kọ́ ń mú, ibẹ̀ ni "múra" ti wá. Ọmọ tó ń fi fóònù wá iye owó hòtẹ́ẹ̀lì fún mi, ọwọ́ mi ò ká a mọ́.

"Bá" ní tirẹ̀ yàtọ̀. Ẹni tí a bá lọ ló ni ìrìn àjò. Bí akọ̀wé bá sọ pé òun bá ọ̀gá òun lọ sí Àbújá, a mọ̀ pé ọ̀gá ni wọ́n pè. Bí ọ̀gá bá sọ pé akọ̀wé lòun bá lọ, àwọn tó gbọ́ á fẹ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọmọ mi mọ ìyàtọ̀ yìí dáadáa, ó kàn ń díbọ́n ni.

Ọ̀pọ̀ wa báyìí ti fẹ́ràn "pẹ̀lú" ju bó ṣe yẹ lọ: "Mò ń lọ pẹ̀lú ọmọ mi." Kò kúkú burú, àmọ́ kò dùn létí, kò sì sọ ẹni tó ni ìrìn. Èyí tó burú ni èyí tí mo gbọ́ lórí rédíò láìpẹ́ yìí: "Mo jọ ń lọ pẹ̀lú ọmọ mi." "Jọ" kì í bá ẹnì kan ṣoṣo ṣiṣẹ́. Ẹni méjì ló kéré jù tí wọ́n gbọ́dọ̀ wà níwájú rẹ̀: "Èmi àti ọmọ mi jọ ń lọ", tàbí "A jọ ń lọ ni." Irú gbólóhùn yìí ni mo padà fún ọmọ mi. Ó ní òun á rò ó wò.

Wọ́n sábà máa ń bi mí ní orúkọ tí Yorùbá ń pe ọmọ tó wà láàárín ọdún mẹ́tàlá sí mọ́kàndínlógún. Inú ìwé la ti ń rí "ọ̀dọ́langba". Àwọn àgbà á ní ó ń bàlágà, ṣùgbọ́n ara ni ìyẹn ń tọ́ka sí, kì í ṣe iye ọdún. Mo rò pé inú oǹkà wa ni ìdáhùn tó dùn jù wà. Mẹ́tàlá, mẹ́rìnlá: orí ẹ̀wá la ṣì ń lé wọn lé. Bó bá ti di mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, a ti fi ẹ̀wá sílẹ̀, ogún la ti ń yọ kúrò nínú rẹ̀: mẹ́rìndínlógún, mẹ́tàdínlógún, títí dé orí mọ́kàndínlógún. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ṣì ń wo ẹ̀yìn. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti kọjú sí ogún. Mi ò sọ pé nítorí àwọn ọmọ ni àwọn baba wa ṣe ń kà báyẹn o. Ṣùgbọ́n ìyá tó bá ní ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nílé á mọ̀ pé oǹkà náà kò purọ́.

Lọ́dọ̀ àwọn tó ń darí ọkọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, ọdún kan lẹ́yìn náà ni nǹkan ń yí padà. Wọ́n máa ń dín owó ọkọ̀ kù sí ìdajì fún ọmọ àlejò tó wà láàárín ọdún 11 sí 15, fún ọjọ́ 14, lórí káàdì Oyster tí wọ́n fi ń sanwó ọkọ̀ níbẹ̀. Bó bá pé 16, ó parí. Inú oṣù Kẹsàn-án ni tèmi á pé mẹ́rìndínlógún, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ oṣù Kẹjọ la mú. Káàdì náà sì ṣe pàtàkì, torí láti ọdún 2014 ni bọ́ọ̀sì Lọ́ńdọ̀nù ò ti gba owó lọ́wọ́ èrò mọ́. Ẹ ò lè na owó sí awakọ̀ kí ẹ máa retí ṣéńjì.

Mo padà sórí ìwé ara fíríìjì. Ó kọ ọ́ pé: "Ibi tí a máa dúró." Mo ní, "Ṣé a ò ní jókòó ni?" Ẹni tó ń retí ọkọ̀ ló ń dúró. Ilé tí àlejò bá dé sí, ó wọ̀ síbẹ̀ ni. "Hòtẹ́ẹ̀lì wo lẹ wọ̀ sí?" "Ọ̀dọ̀ àbúrò mi la wọ̀ sí." Ẹ ṣọ́ ohùn rẹ̀ o. Ẹ lè wọ bàálù ní Èkó (gígùn là ń gun ọ̀kadà, kì í ṣe bàálù), kí ẹ sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ lọ wọ̀ sí hòtẹ́ẹ̀lì. Èyí tó ní ohùn òkè, "wọ́", òun ni ọmọ mi lò nígbà tí mo dárúkọ British Museum: "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wọ́ mi lọ síbẹ̀." Ohun tí kò fẹ́ lọ là ń wọ́. Mi ò rí àṣìṣe kankan nínú gbólóhùn náà, ìyẹn gan-an ló dùn mí.

Ọ̀fẹ́ ni wíwọ ilé náà, mo sì fẹ́ kó rí orí idẹ kan níbẹ̀, ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n wú nílẹ̀ ní agbolé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ lọ́dún 1938. Nígbà tó fi máa di 1939, ó ti dé ọwọ́ àwọn British Museum. Àwọn iṣẹ́ ọnà Bìní náà wà níbẹ̀, àwọn tí ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó lọ lọ́dún 1897. "Kó" tí mo lò yìí kì í ṣe torí pé wọ́n pọ̀ nìkan. "Kó" ti olè tó kó ilé ni.

Ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù Arsenal ni ti ọmọ mi. Ó fẹ́ wọ inú pápá Emirates, kó rí ibi tí Bukayo Saka ti ń múra. Ọmọ Yorùbá ni, Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí i sí lọ́dún 2001, ṣùgbọ́n ọmọ tí mo bí n'Íbàdàn ń pe orúkọ rẹ̀ bí àwọn asọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń pè é. Mo ní kó pè é dáadáa: Bùkáyọ̀, ẹni tó bù kún ayọ̀. Ó ní bóun bá pè é bẹ́ẹ̀ níléèwé, wọ́n á fi òun ṣe yẹ̀yẹ́.

Mo fẹ́ fi àáké kọ́rí lórí ọ̀rọ̀ pápá yìí, àfi bí mo ṣe wo orúkọ àdúgbò tó wà: Islington. Mo ti rí orúkọ yẹn rí. Inú ìtàn Àjàyí tí gbogbo wa mọ̀ sí Bíṣọ́ọ̀bù Crowther ni. Lọ́dún 1821, wọ́n mú un lẹ́rú ní Òṣogùn. Àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lójú òkun, ó di ará Freetown. Lọ́dún 1826, nígbà tó wà ní bí ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, òyìnbó míṣọ́nárì kan mú un lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó sì lọ síléèwé ní Islington. Ẹ̀ẹ̀mejì ni "mú" ti wà nínú ìtàn yẹn, a ò sì gbọ́ pé wọ́n bi ọmọ náà bóyá ó fẹ́ lọ. Ó tún padà sí Islington lọ́dún 1842, sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn míṣọ́nárì CMS. Lọ́tẹ̀ yìí, àgbàlagbà ni, a kò sì lè sọ pé wọ́n mú un mọ́: ó lọ ni. Lọ́dún 1843, wọ́n tẹ àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá tó ṣe jáde ní Lọ́ńdọ̀nù níbẹ̀. Ìdí iṣẹ́ èdè tí mò ń fi jẹun lónìí nìyẹn. Báyìí ni Emirates ṣe wọnú ètò wa, tí ọmọ mi sì gbà láti lo wákàtí méjì ní mùsíọ́ọ̀mù. Ó ní kì í ṣe mẹ́ta o.

Bàbá rẹ̀ kò lè tẹ̀ lé wa, nítorí náà ó ti kọ ìwé ìyọ̀ǹda. Bí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 bá ń rìnrìn àjò láìsí òbí kejì, kí irú ìwé bẹ́ẹ̀ wà lọ́wọ́. Mo fẹ́ràn "yọ̀ǹda": kì í ṣe pé o kò dènà nìkan, o fi inú kan jọ̀wọ́ rẹ̀ ni. Ìyá mi àgbà ní ká máa pe òun lójoojúmọ́, kò sì sí àwáwí, torí láti ìparí oṣù Kẹta sí ìparí oṣù Kẹwàá, aago kan náà ni Lọ́ńdọ̀nù àti Èkó ń lò.

Ẹ̀rù kan ṣoṣo ló kù tó ń bà mí. Mo ní, "Tó o bá sọ nù ńkọ́?" Ó ní, "Mọ́mì, mi ò lè sọ nù. Bóyá kí n ṣìnà." Orí mi wú. Owó àti kọ́kọ́rọ́ ló ń sọ nù, àti ọmọ kékeré tí kò mọ orúkọ ìyá rẹ̀. Ẹni tó mọ ibi tó ń lọ tí kò kàn mọ ọ̀nà, ó ṣìnà ni, abèèrè kì í sì í ṣìnà. Bó bá jẹ́ Rye Lane ní Peckham ló bọ́ sí, ó lè bèèrè ọ̀nà lédè Yorùbá kí wọ́n sì dá a lóhùn.

Ní ìrọ̀lẹ́ àná, mo rí i pé ó ti fi báírò fa igi lé àkọlé rẹ̀. "Èmi àti Mọ́mì jọ ń lọ" ló wà níbẹ̀ báyìí. "Èmi" ló ṣáájú, mo gbójú fò ó.

Ọ̀rọ̀ kan ni àwa méjèèjì ò rí yanjú. Ní àwọn ibùdókọ̀ abẹ́ ilẹ̀ Lọ́ńdọ̀nù, àtẹ̀gùn kan wà tí iná ń wà, tó ń gbé èrò lọ sókè tó sì ń gbé wọn wá sílẹ̀; ọwọ́ ọ̀tún lẹni tó bá fẹ́ dúró lórí rẹ̀ máa ń dúró sí, kí ẹni tó ń kánjú lè gba òsì kọjá. Èmi kọ "àtẹ̀gùn arìn". Ọmọ mi ní àwa là ń rìn, kì í ṣe òun. Bí ẹ bá ní orúkọ tí wọ́n ń pè é ládùúgbò yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ kó tó di oṣù Kẹjọ.