Ẹ̀KỌ́ KẸFÀ: ABOYÚN ÀTI OMÍYALÉ

Ẹ̀yin ìyá wa àti ẹ̀yin agbẹ̀bí, ní ìhà tiwa yìí òjò a máa rọ̀ gan-an ní oṣù kẹfà àti oṣù keje, a sì máa dáwọ́ díẹ̀ ní oṣù kẹjọ kí ó tó tún bẹ̀rẹ̀. Ìdáwọ́dúró oṣù kẹjọ yìí a máa tan ènìyàn jẹ. Ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980 ni odò Ògùnpa kún bo Ìbàdàn, tí ó pa ọ̀pọ̀ ènìyàn, tí ó sì gbé ilé àti ọkọ̀ lọ. Ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011 ni omíyalé mìíràn tún dé bá Ìbàdàn, ẹ̀mí tí ó lé ní 100 sì ṣòfò.

Omi tí ó ń wọ ilé nìkan kọ́ ni ó ń bà wá lẹ́rù. Ní ọdún 2011, omi wó àwọn afárá, ti Àpẹ̀tẹ̀ sì wà lára wọn. Ẹ rò ó wò: bí obìnrin bá bẹ̀rẹ̀ sí rọbí ní irú òru bẹ́ẹ̀, tí ilé ìwòsàn sì wà ní òdìkejì odò, kí ni yóò ṣe? Ìrọbí kì í dúró de afárá. Nítorí náà, ibi tí aboyún yóò máa sùn ní oṣù ìbímọ rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣètò, kí ẹ tó ronú kan ẹrù.

Bí ilé yín bá wà létí odò, tàbí tí ẹ ní láti sọdá odò kí ẹ tó dé ilé ìwòsàn, ẹ béèrè ọjọ́ tí a ń retí ọmọ lọ́wọ́ agbẹ̀bí yín. Bí ó bá bọ́ sí àkókò òjò, ẹ lọ máa gbé lọ́dọ̀ ẹbí tí ilé rẹ̀ wà lórí òkè, ní ìhà ilé ìwòsàn, láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú. Kí agbẹ̀bí fúnra rẹ̀ ṣàlàyé fún baálé àti ìyá ọkọ. A mọ̀ pé kò rọrùn fún ìyàwó láti dá a sọ pé òun ń fi ilé sílẹ̀. Ẹ bá awakọ̀ kan ṣe àdéhùn, àti ẹni tí yóò tọ́jú àwọn ọmọ yòókù.

Ẹ di ẹrù ìbímọ sínú ọ̀rá méjì, kí ẹ gbé e kọ́ sókè, kì í ṣe abẹ́ ibùsùn: káàdì aláboyún, aṣọ mímọ́, ọṣẹ, ìbọ̀wọ́ rọ́bà, abẹ tuntun tí a kò tíì tú, okùn mímọ́ tí a ó fi so ìwọ́ ọmọ, tọ́ọ̀ṣì, àti oògùn ẹ̀jẹ̀ tí yóò tó ọ̀sẹ̀ méjì.

Bí omi bá ń ga, ẹ tètè jáde. Omi tí ń sáré, bí kò tilẹ̀ tó orúnkún, lè gbé àgbàlagbà ṣubú, áńbọ̀sì aboyún.

Lẹ́yìn omíyalé, ẹ ṣọ́ra fún omi kànga. Omi ṣáláńgá a máa ṣàn wọ inú rẹ̀, ojú lásán kò sì lè rí i. Ẹ sè é títí yóò fi hó dáadáa fún ìṣẹ́jú kan, títí kan èyí tí ẹ ó fi rẹ gàrí. Ẹ̀fọn pẹ̀lú yóò pọ̀: ẹ máa sùn nínú àwọ̀n, kí ẹ má sì pa ọjọ́ oògùn ibà yín jẹ ní ilé ìwòsàn.

Ẹ̀jẹ̀ dídà, orí fífọ́ líle, ojú ṣíṣú, gìrì, tàbí ọmọ tí kò yí mọ́ nínú: ẹ má ṣe dúró kí omi fà. Ẹ pe agbẹ̀bí tàbí 112 lórí fóònù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ẹ̀yin agbẹ̀bí, bí omi bá ká yín mọ́ ibi tí kò sí abẹ́rẹ́ oxytocin, ẹ fún ìyá ní misoprostol, hóró mẹ́ta tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 200 microgram, kí ó gbé e mì lẹ́yìn tí ọmọ bá ti jáde. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ kan ikùn rẹ̀, kí ẹ rí i dájú pé Kẹ́hìndé kò sí nínú. Bí a bá lò ó kí ọmọ tó jáde tán, ó lè fa ilé ọmọ ya.