OHUN KÉKERÉ TÍ Ń BẸ LỌ́WỌ́ RẸ

Bíbélì Kíkà: Ẹ́kísódù 4:1-17, 31:1-6, 38:8
Àkọ́sórí: Ẹ́kísódù 31:3

Olùfẹ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni Ọlọ́run fi ẹ̀bùn sí lọ́wọ́, ṣùgbọ́n tí wọ́n gbé e sílẹ̀ de ọjọ́ tí gbogbo nǹkan yóò pé. Ẹnì kan mọ orin kọ, ó ń dúró de kíbọ́ọ̀dù. Ẹnì kan mọ aṣọ rán, ó ń dúró de ṣọ́ọ̀bù ní Bódìjà. Ẹlòmíràn ní ìtàn nínú, ó ní òun yóò kọ ọ́ nígbà tí òun bá jáde yunifásítì. Ọdún ń gorí ọdún, ìpata sì ń mú ẹ̀bùn náà níbi tí wọ́n gbé e sí. Àárọ̀ yìí, ẹ jẹ́ kí a wo ènìyàn mẹ́ta tí nǹkan kò pé fún, ṣùgbọ́n tí wọ́n ṣiṣẹ́.

1. BÉSÁLÉLÌ: IṢẸ́ ỌNÀ NÍNÚ AGINJÙ
Ọlọ́run pe Bésálélì ní orúkọ, ó sì fi Ẹ̀mí rẹ̀ kún un láti ṣe iṣẹ́ wúrà, fàdákà, idẹ, òkúta àti igi. Ṣùgbọ́n wo ibi tí ó ti ṣe é. Kì í ṣe ní Íjíbítì tí ọjà wà. Nínú aginjù ni. Gbogbo ìwọ̀n àgọ́ náà ni Ọlọ́run ti fún Mósè, kò sí àyè fún Bésálélì láti fi ìgbọ̀nwọ́ kan kún un. Ohun èlò rẹ̀ kò sì ju ohun tí àwọn ènìyàn rí kó jáde láti inú àgọ́ wọn. Orí 38 ẹsẹ 8 sọ fún wa pé dígí àwọn obìnrin ni ó fi ṣe agbada idẹ, nítorí pé idẹ dídán ni dígí ayé ìgbà náà. Ta ni yóò wo dígí ọwọ́ obìnrin tí yóò rí agbada níbi tí àlùfáà yóò ti wẹ ọwọ́? Ẹni tí ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni. Àìtó kò pa ẹ̀bùn rẹ̀, ńṣe ni ó fi ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ hàn án.

2. ALÁGBẸ̀DẸ TÍ Ó DI ÒǸKỌ̀WÉ
Ẹnì kejì kò sí nínú Bíbélì. Ìlú Ìbàdàn wa yìí ni ó gbé, orúkọ rẹ̀ sì ni Amos Tutùọlá. A bí i ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1920. Nítorí àìní, ó lọ ṣe ọmọ ọ̀dọ̀, ọ̀gá rẹ̀ sì fi owó ilé ẹ̀kọ́ san iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú ní 1939, ẹ̀kọ́ ìwé dópin. Gbogbo ọdún tí ó lò ní ilé ẹ̀kọ́ kò ju bí 6 lọ. Ó kọ́ iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ bàbà, ó sì fi ṣiṣẹ́ fún ọmọ ogun òfuurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà ogun Hitler. Lẹ́yìn ogun, ó fẹ́ dá iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, kò rí owó. Ní 1946 ó di mẹ́séńjà ní ọ́fíìsì ìjọba tí ń mójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní Èkó.

Mẹ́séńjà a máa jókòó púpọ̀ kí wọ́n tó tún rán an níṣẹ́. Àkókò ìjókòó yìí ni Tutùọlá fi kọ ìtàn. Kò ní Gẹ̀ẹ́sì àwọn ọ̀mọ̀wé. Gẹ̀ẹ́sì tí ó ní ni ó fi kọ ọ́, bí Yorùbá ṣe ń dún ní etí rẹ̀. Ó rí ìpolówó ilé iṣẹ́ ìwé Kristẹni kan, ó fi ìwé náà ránṣẹ́ sí wọn ní Lọ́ńdọ́nù. Wọn kì í tẹ irú rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n bá a gbé e dé ilé iṣẹ́ Faber and Faber. Ní 1952, The Palm-Wine Drinkard jáde. Akéwì ńlá nì, Dylan Thomas, yìn ín nínú ìwé ìròyìn Lọ́ńdọ́nù. Ní 1953, wọ́n ti túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Faransé.

Ìtàn ọ̀mu àti iwin ni ó kọ, kì í ṣe ìwàásù. Kì í ṣe ohun tí ó kọ ni a ń wò lónìí, bí kò ṣe bí ó ti lo ohun tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ṣé ilé gbà á? Rárá! Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó kàwé ní Nàìjíríà sọ pé Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ dójú ti wa. Ẹ̀gàn ará ilé a máa dunni ju ti ará ìta lọ. Ṣùgbọ́n ìwé mìíràn ni ó fi dáhùn: ní 1954, ní 1955, ní 1958, ní 1962. Ní gbogbo àkókò yìí, kò fi iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ sílẹ̀. Ó di olùtọ́jú ilé ìkẹ́rù ní ilé iṣẹ́ rédíò, ibẹ̀ ni ó sì bá dé Ìbàdàn. Ní 1963, Kọ́lá Ògúnmọ́lá fi ìtàn kan náà ṣe eré ní Yunifásítì Ìbàdàn, ní èdè Yorùbá. Ní 1979, Yunifásítì Ifẹ̀ pe ọkùnrin tí kò kàwé jìnnà yìí wá gẹ́gẹ́ bí àlejò òǹkọ̀wé. Ìbàdàn níbí ni ó kú sí ní 1997.

3. MÓSÈ: ṢÉ ÌGBÉRAGA NI LÁTI SỌ PÉ MO LÈ ṢE É?
Àwọn kan rò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ka Ẹ́kísódù 4. Mósè ní ahọ́n òun wúwo. Ó dàbí ìrẹ̀lẹ̀, síbẹ̀ ẹsẹ 14 sọ pé ìbínú Olúwa ru sí i. Kí ló dé? Ẹni tí ó bá kẹ́gàn ẹ̀bùn ti kẹ́gàn Olùfúnni. Ọlọ́run kò pààrọ̀ ahọ́n Mósè. Ó fi Áárónì tì í, ó sì ní kí ó mú ọ̀pá darandaran tí ó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ dání. Ìgboyà ọmọ Ọlọ́run kò dúró lórí ìyìn ènìyàn. Bí ìyìn bá gbé ọ dìde, ẹ̀gàn yóò gbé ọ ṣubú. Ó dúró lórí ẹni tí ó fi ẹ̀bùn náà sí ọ lọ́wọ́.

N kò ṣèlérí pé gbogbo ayé ni yóò mọ orúkọ rẹ. Àwọn obìnrin tí ó fi dígí wọn sílẹ̀, kò sí ẹni tí ó mọ orúkọ wọn. Ṣùgbọ́n àlùfáà kò wọ inú àgọ́ láì kọ́kọ́ wẹ̀ nínú agbada náà. Àwọn baba wa ní àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tan ni jẹ. Olùfẹ́, wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ.

ÌGBÉSẸ̀ LÓNÌÍ
Kọ ẹ̀bùn kan tí o ti gbé sílẹ̀ sínú ìwé. Kọ ohun tí o ní nísinsìnyí sí abẹ́ rẹ̀, má kọ ohun tí o kò ní. Ya ìdajì wákàtí sọ́tọ̀ lónìí, kí o sì fi ohun tí o ní bẹ̀rẹ̀. Má ṣe fi iṣẹ́ tí ń bọ́ ọ sílẹ̀.

ÀDÚRÀ
1. Baba, mo dúpẹ́ fún ẹ̀bùn tí o fi sí mi lọ́wọ́.
2. Olúwa, la ojú mi láti rí ohun tí mo lè fi ohun kékeré tí mo ní ṣe.
3. Gbogbo ọ̀rọ̀ ẹ̀gàn tí ó ti dè mí lọ́wọ́, já kúrò lọ́wọ́ mi ní orúkọ Jésù.
4. Baba, fún mi ní Áárónì tèmi, ẹni tí yóò ràn mí lọ́wọ́ níbi tí agbára mi kò dé.
5. Gbàdúrà fún àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa tí ń wá iṣẹ́, kí Ọlọ́run fi ẹsẹ̀ iṣẹ́ ọwọ́ wọn múlẹ̀. Àmín.