Iṣẹ́ Ọwọ́ Besaleli

Bíbélì Kíkà: Eksodu 31:1-11, 32:1-4, 35:20-35
Akọ́sórí: Eksodu 35:31

A sábà máa ń rò pé wòlíì àti oníwàásù nìkan ni Ẹ̀mí Ọlọ́run ń bà lé. Ṣùgbọ́n oníṣọ̀nà ni Besaleli, ará ẹ̀yà Juda. Ọlọ́run pè é ní orúkọ, Ó sì fi Ẹ̀mí kún un láti ṣiṣẹ́ wúrà, fàdákà àti idẹ, láti gé òkúta àti láti gbẹ́ igi. Kò du ipò Mose. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni ó ṣe.

Kíyèsí èyí: òrùka etí wúrà ni Aaroni gbà, tí ó fi ṣe ère ọmọ màlúù. Òrùka etí wúrà wà lára ọrẹ àgọ́ pẹ̀lú (35:22). Irú wúrà kan náà ni. Aaroni ṣe ohun tí àwọn ènìyàn ń pariwo fún. Besaleli ṣe ohun tí Ọlọ́run fi hàn.

Ìwọ aránṣọ, ìwọ káfíńtà, ìwọ olùkọ́, ohùn ta ni ìwọ ń gbọ́? Bí o bá ń fi ọjọ́ ayé rẹ wo iṣẹ́ aládùúgbò, tìrẹ yóò wà nílẹ̀ láìṣe. Besaleli kò sì dá ìmọ̀ rẹ̀ jẹ: Ọlọ́run fi sí òun àti Oholiabu lọ́kàn láti kọ́ ẹlòmíràn (35:34).

Ìbéèrè fún Ìjíròrò
1. Ẹ̀bùn wo ni Ọlọ́run fi sí ọ lọ́wọ́?
2. Ariwo ta ni ó ń fà ọ́ kúrò nídìí rẹ̀?
3. Ta ni ìwọ yóò kọ́ ní iṣẹ́ rẹ kí ọdún yìí tó parí?