Àníyàn Rere Nìkan Kò Tó

Bí àánú bá mú wa sọ ìdáhùn fún ọ̀rẹ́ wa nínú yàrá ìdánwò, ǹjẹ́ iṣẹ́ rere ni?

Hadiisi Umar, àkọ́kọ́ nínú ìwé Imaamu Bukhari, kọ́ wa pé àníyàn ni òṣùwọ̀n iṣẹ́. Ṣùgbọ́n Fudayl ọmọ Iyaad ṣàlàyé pé ohun méjì ló gbọ́dọ̀ pé: kí iṣẹ́ jẹ́ ti Ọlọ́hun nìkan, kí ó sì bá ìlànà Ànábì (s.a.w.) mu. Ìrun àṣehàn kùnà ti àkọ́kọ́. Ìdáhùn tí a jí sọ kùnà ìkejì, nítorí ó rẹ́ ẹni tí ó kàwé jẹ.

Àánú kò sọ ìrẹ́jẹ di ẹ̀tọ́. Ẹ jẹ́ kí a kọ́ ọ̀rẹ́ wa níwé kí ìdánwò tó dé.