Ohun tí a lè ṣe sí àkójọ tó mẹ́hẹ: ìwé ìbéèrè kan láti Ìpobẹ́ àti Ṣàkẹ́tẹ́

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, kì í ṣe ẹ̀ka tiwa nìkan ni àkójọ ti máa ń mẹ́hẹ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jọ́gíráfì kan lọ ṣe ìwádìí lórí ọjà àti iye ènìyàn inú ilé ní Ìpobẹ́ àti Ṣàkẹ́tẹ́, ní ẹkùn Plateau. Nígbà tí wọ́n to èsì wọn sínú kọ̀ǹpútà, kò bára mu rárá. Ní àdúgbò kan náà, ìwé ẹnì kan fi hàn pé ènìyàn mẹ́rin-mẹ́rin ló wà nínú ilé, ti ẹnì kejì ní ogún. Bẹ́ẹ̀, ọjọ́ tí wọn yóò gbé iṣẹ́ àṣekágbá kalẹ̀ ti sún mọ́lé. Àwọn kan ní kí wọ́n da gbogbo rẹ̀ nù. Àwọn mìíràn ní kí wọ́n jókòó sídìí tábìlì, kí wọ́n "tún un ṣe". Wọ́n gbé e wá bá àwa tí a ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè, nítorí pé Yorùbá ni wọ́n fi béèrè ọ̀rọ̀. Ohun tí a rí níbẹ̀ ni a fẹ́ ṣàlàyé.

Èdè Faransé ni wọ́n fi kọ ìwé ìbéèrè náà. Olúkúlùkù olùwádìí ló ń túmọ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà onílé, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti wọ́.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ "ménage". Lójú àwọn tó ń ka ènìyàn ní Bẹ̀nẹ̀, àwọn tó ń gbé pọ̀, tí wọ́n sábà máa ń jẹun pọ̀, tí wọ́n sì gba ẹnì kan ní olórí, ni à ń pè bẹ́ẹ̀. Olùwádìí kan pè é ní "ilé", èkejì pè é ní "agbo ilé", ẹ̀kẹta ní "ìdílé". Bí ẹ bá bi bàbá kan pé "Bàbá, ẹ̀yin mélòó lẹ wà nínú ilé?", ó lè ka àwọn tó wà ní yàrá tirẹ̀ nìkan, ó sì lè ka gbogbo agbo ilé, títí kan àbúrò rẹ̀ tó ń gbé ní Èkó, nítorí ọmọ ilé lòun náà. Bí ẹ bá ní "ìdílé", ẹ ti kó àwọn ọmọbìnrin tó ti lọ sílé ọkọ pọ̀ mọ́ ọn. Nínú ilé olórogún ńkọ́, níbi tí ààrò mẹ́ta ti lè wà lábẹ́ òrùlé kan? Ìbéèrè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n béèrè, wọ́n wá kó ìdáhùn rẹ̀ sábẹ́ àkọlé kan ṣoṣo.

Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀. Àwọn àgbà ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Yàtọ̀ sí èyí, àwọn ará agbègbè yìí mọ ohun tí kíkà ń fà. Ìwé tí A. I. Asiwaju tẹ̀ jáde ní 1976, lórí ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá lábẹ́ àwọn òyìnbó láti 1889 sí 1945, ṣàlàyé bí àwọn ènìyàn ṣe ń sá kọjá ẹnubodè lọ sí Nàìjíríà nítorí owó orí àti fífi ipá múni wọṣẹ́ ológun lábẹ́ àwọn Faransé. Ẹni tí bàbá rẹ̀ gbọ́ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ lè dín iye ọmọ rẹ̀ kù tí àjèjì bá gbé ìwé àti kálàmù dé. A kò lè pe ìyẹn ní irọ́ lásán.

Ọ̀rọ̀ ọjà ló gbà wá lákòókò jù, òun ló sì dùn jù. Wọ́n bi àwọn ìyá ọlọ́jà pé ọjọ́ mélòó-mélòó ni wọ́n ń ná ọjà. Àwọn ìyá ní ọjọ́ márùn-ún márùn-ún, ìyẹn ọrọọrún. Wọ́n kọ 5 sílẹ̀. Ṣùgbọ́n Yorùbá máa ń ka ọjọ́ tí a ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Bí a bá ná ọjà lọ́jọ́ Ajé, Ajé ni kìíní, Ìṣẹ́gun ni kejì, Ọjọ́rú ni kẹta, Ọjọ́bọ̀ ni kẹrin, Ẹtì tí a ó tún ná an ni karùn-ún. Nínú ìṣirò kọ̀ǹpútà, ọjọ́ 4 ni. Ẹ pín 365 sí 4, ọjà 91 ni ẹ ó rí lọ́dún. Ẹ pín in sí 5, ó di 73. Ọjà 18 ti sọnù láìsí ẹni tó purọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìsán tí a ń ka mẹ́sàn-án fún, tó jẹ́ ọjọ́ 8, àti ìtàdógún, tó jẹ́ ọjọ́ 16. Ọ̀sẹ̀ pàápàá kò dúró lójú kan: ti àwọn olórìṣà jẹ́ ọjọ́ mẹ́rin, ti kàlẹ́ńdà jẹ́ méje. Ohun tó pa wá lẹ́rìn-ín ni pé èdè Faransé tí a fi kọ́ ìwé náà ń ṣe bẹ́ẹ̀: "huit jours" ni wọ́n ń pe ọ̀sẹ̀ kan, "quinze jours" sì ni wọ́n ń pe méjì. Kò sí ẹni tó ń pe ìyẹn ní àṣìṣe ní kíláàsì.

Ti akọtọ́ kò pọ̀. Ẹnì kan kọ Ṣàkẹ́tẹ́, ẹnì kan lo akọtọ́ Bẹ̀nẹ̀, ó kọ Shakɛtɛ, ẹ̀kẹta kọ Sakété. Kọ̀ǹpútà kà á sí ìlú mẹ́ta.

Kí ni kí wọ́n wá ṣe? Ohun àkọ́kọ́ tí a sọ fún wọn ni pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ìwé tí wọ́n gbé ti oko ìwádìí bọ̀. Àtúnṣe ní àyè tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí a kọ́kọ́ kọ. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n fi kún ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ẹni tó béèrè, èdè tó fi béèrè (ní Ṣàkẹ́tẹ́, Ègùn ni wọ́n ń sọ nínú àwọn ilé kan) àti ọ̀rọ̀ tó lò gan-an. Bí wọ́n ṣe to ìwé bẹ́ẹ̀, ogún àti mẹ́rin yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í yéni: ti "agbo ilé" wà lọ́tọ̀, ti "ilé" wà lọ́tọ̀.

Mẹ́hẹmẹ́hẹ kì í ṣe oríṣi kan. Ti ọjà ṣeé tún ṣe, ṣùgbọ́n kì í ṣe pé kí a kàn yọ 1 kúrò nínú gbogbo rẹ̀, torí pé olùwádìí kan lè ti yọ ọ́ sórí kó tó kọ ọ́. Ọjọ́ ọjà méjì tó tẹ̀lé ara wọn ni kí wọ́n béèrè. Ti ilé gba pé kí wọ́n padà lọ sí ilé díẹ̀ lábẹ́ ìtumọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí gbogbo wọn fi gbólóhùn kan náà béèrè: "Àwọn mélòó ló ń jẹ nínú ìkòkò yín, tí wọ́n sì sùn síbí lánàá?" Iye ọmọ tí ìbẹ̀rù ti dín kù kò ṣeé tún ṣe. Kí wọ́n fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo, kí wọ́n sì sọ ìdí rẹ̀.

Àwọn aṣáájú wa pàápàá bá irú rẹ̀ pàdé. Georg Wenker bẹ̀rẹ̀ sí í fi gbólóhùn ránṣẹ́ sí àwọn olùkọ́ ní Jámánì ní 1876. Ibi tó ju 40,000 lọ ló dáhùn nígbẹ̀yìn. Àwọn olùkọ́ yẹn kò kọ́ ìmọ̀ ìró, bó ṣe rọ̀ wọ́n lọ́rùn ni wọ́n kọ ọ́, síbẹ̀ àwọn onímọ̀ ṣì ń lò ó, torí pé ìwé náà wà bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Ní Faransé, Jules Gilliéron gba ọ̀nà mìíràn: Edmond Edmont nìkan ló lọ sí ibi 639 láàárín 1897 sí 1901. Bí etí Edmont bá ṣì gbọ́ ohun kan, ó ṣòro láti mọ̀, kò sí etí kejì tí a ó fi wé e. Ní ti èyí, ìwé àwọn ọ̀rẹ́ wa sàn díẹ̀, wọ́n ju ẹnì kan lọ.

Méjì nínú wọn ti padà sí Ìpobẹ́ lọ́jọ́ ọjà. Ìwé ìbéèrè tuntun náà, ní Faransé àti ní Yorùbá tí gbogbo wọn fẹnu kò lé, wà lọ́dọ̀ wa. Ẹni tó bá ń múra Kétu tàbí Ìfọ̀nyìn lè wá gba ẹ̀dà kan kó tó lọ.