Wákàtí 8 ní Èbúté: Bí A Ṣe Ń Yan Ìmòòkùn Nínú Ìrìnàjò Ọkọ̀ Òkun

Àlejò tó gbọ́n kì í fi ọ̀sán gangan bẹ̀rẹ̀ Òkè Ìdànrè. Láti Odòde, àtẹ̀gùn tó lé ní 600 ni yóò gùn kó tó dé ìlú àtijọ́ tó wà lórí àpáta. Ẹni tó bá dé láàárọ̀ kùtù lè rí ààfin Ọwá àtijọ́, ilé ẹjọ́, ojú ẹsẹ̀ Agbóògùn àti Omi Àpáárá, kó sì sọ̀kalẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹni tó bá dé ní aago 2 ọ̀sán, tó sì ní láti padà sí Àkúrẹ́ lọ́jọ́ kan náà, yóò mú ọ̀kan, yóò fi ọ̀kan sílẹ̀. Ẹni tí orúnkún ń dùn tún ní ìṣirò tirẹ̀.

Irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ ló ń dúró de èrò inú ọkọ̀ òkun ìgbafẹ́. Ọkọ̀ yìí dà bí hótẹ́ẹ̀lì tó léfòó sórí omi. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn lè wà nínú rẹ̀, tí wọ́n ń sùn, tí wọ́n ń jẹ, tí wọ́n ń ṣeré. Lóru ló sábà máa ń rìn. Bílẹ̀ bá mọ́, á gúnlẹ̀ sí èbúté kan, á dúró fún wákàtí díẹ̀, á sì tún gbéra. Láàárín wákàtí wọ̀nyẹn ni àwọn èrò ń sọ̀kalẹ̀ lọ wòlú, lọ rajà, tàbí lọ mòòkùn.

Ọmọ Yorùbá pọ̀ ní Houston, ní Amẹ́ríkà. Láti ibẹ̀ sí èbúté Galveston kò ju nǹkan bíi kìlómítà 80 lọ, láti Galveston ni ọkọ̀ sì ti máa ń lọ sí Cozumel, erékùṣù kan ní Mẹ́síkò. Ká ní ọmọ Odòde kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Houston mú màmá rẹ̀ tó wá kí i lọ sírú ìrìnàjò bẹ́ẹ̀. Màmá mọ òkè, wọ́n mọ oko kòkó láti kékeré. Òkun ni wọn kò mọ̀. Ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, àwọn Ìlàjẹ ló ni òkun. Ìdànrè ló ni àpáta. Kí Màmá tó kúrò nílé ni ọmọ ti fi ìwé ọkọ̀ ránṣẹ́ sí wọn: ẹja aláràbarà, omi tó mọ́ gaara, èèyàn tó ń fò lábẹ́ omi bí ẹyẹ. Ọmọ ní kí àwọn jọ lọ. Ṣé kí Màmá lọ?

Kí a tó dáhùn, ó yẹ ká mọ ohun tí wọ́n ń pè ní scuba. Ọmọ apẹja tó bá mòòkùn lódò Ìlàjẹ á fa èémí sínú, á dì í mú, á sì yọ padà kí èémí tó tán. Ẹni tó fi scuba mòòkùn gbé afẹ́fẹ́ tirẹ̀ dání. Sílíńdà irin wà lẹ́yìn rẹ̀, okùn rọ́bà sì gba èjìká wá sẹ́nu. Lọ́dún 1943, ní ilẹ̀ Faransé, Jacques-Yves Cousteau àti Émile Gagnan ṣe ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn afẹ́fẹ́ náà jáde ní ìwọ̀n tí ẹ̀dọ̀fóró nílò. Látorí rẹ̀ ni ìmòòkùn ti kúrò lọ́wọ́ ológun òkun àti oníṣẹ́ nìkan, tó di ohun tí ènìyàn lásán lè fi gbafẹ́.

Ṣùgbọ́n omi wúwo. Bí èèyàn bá wọlẹ̀ dé mítà 10 nínú òkun, agbára tó ń tẹ ara rẹ̀ ti di ìlọ́po 2 ti orí ilẹ̀. Ní mítà 20, ó di ìlọ́po 3. Ní mítà 30, ìlọ́po 4. Etí ló kọ́kọ́ ń mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyẹn tí olùkọ́ fi máa ń ní kí akẹ́kọ̀ọ́ di imú mú, kó rọra fẹ́ atẹ́gùn sínú rẹ̀, títí etí á fi là. Ẹni tí ọ̀fìnkìn mú lè má rí etí rẹ̀ là rárá, ìlù etí sì lè bẹ́.

Afẹ́fẹ́ tó wà nínú ẹ̀dọ̀fóró náà ń sún kì nígbà tí èèyàn bá ń lọ sísàlẹ̀, ó sì ń wú nígbà tó bá ń bọ̀ lókè. Ẹni tó bá di èémí mú bó ṣe ń gòkè lè fi bẹ́ẹ̀ ya ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Òfin àkọ́kọ́ nínú scuba kò gùn: máa mí, má dá èémí dúró.

Ewu kejì fara pa mọ́ ju ìyẹn lọ, ọmọ Nàìjíríà kan sì ni a lè fi ṣàlàyé rẹ̀. Ní ọjọ́ 26 oṣù Karùn-ún ọdún 2013, ọkọ̀ kékeré kan tó ń jẹ́ Jascon-4 dojú dé lójú òkun nítòsí Escravos, ní ìpínlẹ̀ Delta. Èèyàn 12 ló wà nínú rẹ̀. Harrison Okene ni alásè wọn. Ọkọ̀ rì dé bíi mítà 30, Okene sì bá ara rẹ̀ nínú yàrá kékeré kan tí afẹ́fẹ́ díẹ̀ ṣẹ́kù sí lókè. Ó wà níbẹ̀ nínú òkùnkùn àti òtútù fún nǹkan bíi wákàtí 60. Àwọn amòòkùn wá kó òkú. Bí ọ̀kan nínú wọn ṣe na ọwọ́ sí ohun tó rò pé òkú ni, ọwọ́ náà dì í mú.

Wọn kò kàn fà á jáde sínú oòrùn. Afẹ́fẹ́ tó ń mí fún wákàtí 60 yẹn ti kì ní ìlọ́po 4. Gáàsì kan tó ń jẹ́ nitrogen ló pọ̀ jù nínú afẹ́fẹ́, ìdá 78 nínú 100. Bí omi bá tẹ èèyàn, nitrogen á wọnú ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ara rẹ̀ lọ. Kò sí ewu bó bá ń jáde díẹ̀díẹ̀. Bó bá jáde lẹ́ẹ̀kan náà, á ṣe bí ìgò ẹlẹ́rìndòdò tí wọ́n mì kí wọ́n tó ṣí i: á hó. Ìhó inú ẹ̀jẹ̀ lè rọ èèyàn lápá lẹ́sẹ̀, ó sì lè pa á. Nítorí náà, wọ́n gbé Okene sínú yàrá irin tí wọ́n ti fún afẹ́fẹ́ pọ̀ sí, wọ́n sì dín in kù díẹ̀díẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kó tó jáde. Òun nìkan ló yè. Lọ́dún 2015, ọkùnrin yìí padà sínú omi tó fẹ́ pa á: ó gba ìwé ẹ̀rí, ó di amòòkùn oníṣẹ́.

Arìnrìn-àjò ìgbafẹ́ kì í pẹ́ lábẹ́ omi bíi tirẹ̀, ṣùgbọ́n ìhó kan náà ni wọ́n ń ṣọ́ra fún. Wọ́n ń rọra gòkè, wọ́n sì sábà máa ń dúró ní mítà 5 fún ìṣẹ́jú 3 kí wọ́n tó yọ orí. Wọn kì í sì í wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ́jọ́ náà, nítorí afẹ́fẹ́ fúyẹ́ lókè. DAN, àjọ tó ń rí sí ààbò àwọn amòòkùn, ní ẹni tó mòòkùn lẹ́ẹ̀kan kó dúró ó kéré tán wákàtí 12, ẹni tó mòòkùn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ kó dúró wákàtí 18, kó tó fò.

Ibí yìí ni kí ọmọ Ìdànrè ti fetí sílẹ̀, nítorí òkè gíga náà dà bí ọkọ̀ òfuurufú. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń gbéra láti Southampton, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, máa ń dúró ní Tenerife. Ẹ̀rọ kan wà níbẹ̀ tó ń fi okùn irin gbé èèyàn gun òkè Teide dé gíga mítà 3,555. Ìwé ọkọ̀ lè ta ìmòòkùn òwúrọ̀ àti òkè Teide ọ̀sán lójú ewé kan náà. Ẹni tó bá rà méjèèjì ti ra ewu. Kó mú ọ̀kan.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Cozumel. Ọmọ Màmá ti kọ́ scuba ní Houston, ó ní ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ń pè ní Open Water láti ọ̀dọ̀ PADI, àjọ tó bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1966. Ìwé yẹn gbà á láyè dé mítà 18. Màmá kò ní nǹkan kan. Fún irú wọn, ìtọ́wò kan wà: olùkọ́ á kọ́ wọn ní ohun díẹ̀ níbi omi tí kò jìn, á sì mú wọn lọ, kò gbọ́dọ̀ kọjá mítà 12. Òfin PADI ni pé olùkọ́ 1 kò gbọ́dọ̀ mú ju akẹ́kọ̀ọ́ 4 lọ sínú òkun fún ìtọ́wò yìí. Ìbéèrè tó yẹ kí èèyàn bi oníṣòwò ìmòòkùn nìyí kó tó bi í ní iye: èèyàn mélòó sí olùkọ́ kan? Ṣé afẹ́fẹ́ oxygen ìtọ́jú wà nínú ọkọ̀ yín? Ẹni tí kò bá lè dáhùn kíákíá, kí wọ́n fi í sílẹ̀, bó ti wù kí owó rẹ̀ rọ̀ tó.

Ohun tí kò hàn nínú ìwé aláwọ̀ mèremère ni fọ́ọ̀mù ìlera. Kò sẹ́ni tó ń mòòkùn láì kún un. Wọ́n á béèrè ikọ́ fée, ọkàn, ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ, wárápá, iṣẹ́ abẹ. Ìbéèrè pàtó wà fún ẹni tó ti lé ní ọdún 45. Aláboyún kò gbọ́dọ̀ lọ rárá. Láàárín Yorùbá, ó yẹ ká fi ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ kún un: ẹni tó jẹ́ SS kò gbọ́dọ̀ ronú scuba láì tíì bá dókítà sọ ọ́ dáadáa. Bí ìdáhùn kan bá jẹ́ “bẹ́ẹ̀ ni”, ó lè pọn dandan kí dókítà fọwọ́ sí i. Dókítà yẹn kò sí létí èbúté Cozumel ní aago 9 òwúrọ̀. Èèyàn á sanwó, wọ́n á sì dá a padà. Òmíràn á purọ́ sórí fọ́ọ̀mù kí owó má bàa ṣòfò. Irọ́ yẹn ni ẹ̀rù rẹ̀ yẹ kó bani jù lọ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Ilé ni kí wọ́n ti gba fọ́ọ̀mù náà, kí Màmá fi han dókítà ní Àkúrẹ́ kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ òfuurufú rárá.

Ọ̀rọ̀ aago wá kù. Ká ní ọkọ̀ dé ní aago 8 òwúrọ̀, tó sì ní kí gbogbo èrò ti wọlé ní aago 4:30 ìrọ̀lẹ́. Ó jọ pé wákàtí pọ̀. Àmọ́ sísọ̀kalẹ̀ lè jẹ ìdá kan nínú rẹ̀, ìmòòkùn onísílíńdà méjì sì máa ń gba bíi wákàtí 4. Láàárín sílíńdà kìíní àti èkejì, wọ́n gbọ́dọ̀ sinmi lórí omi kí nitrogen lè jáde. Òkúta iyùn Paraíso kò jìnnà sí ibi tí àwọn ọkọ̀ ńlá ń gúnlẹ̀ sí. Palancar, tí òkìkí rẹ̀ kàn jù, wà lápá gúúsù, ó jìnnà díẹ̀. Ẹni tí wákàtí rẹ̀ kéré kò pàdánù bó bá mú Paraíso. Iyùn tí a mọ̀ mọ́ ọrùn ọba, ara ẹ̀dá òkun ni wọ́n ti ń rí i, ìbátan rẹ̀ ló sì kọ́ àwọn òkúta abẹ́ omi wọ̀nyí. Láti ọdún 1996 ni ìjọba Mẹ́síkò ti sọ ibẹ̀ di ọgbà tí òfin ń dáàbò bò. A kì í fọwọ́ kàn án.

Aago erékùṣù náà tún lè yàtọ̀ sí ti ọkọ̀. Lọ́dún 2015, Quintana Roo, ìpínlẹ̀ tí Cozumel wà, yí aago rẹ̀ padà. Nígbà ooru, aago ibẹ̀ àti ti Galveston dọ́gba. Nígbà òtútù, Cozumel fi wákàtí 1 ṣáájú. Bí oníṣòwò bá ní “aago 9”, tí ọkọ̀ sì ń lo aago Galveston, aago 8 ni nínú ọkọ̀, nígbà tí ọkọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gúnlẹ̀. Fóònù sì lè yí aago fúnra rẹ̀ láì sọ fún olówó rẹ̀. Aago ọwọ́ tí wọ́n fi sí aago ọkọ̀ dára ju fóònù lọ lọ́jọ́ yẹn.

Àwọn kan ń ra ìmòòkùn lọ́wọ́ ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Ó máa ń wọ́n díẹ̀, èrò sì lè pọ̀, ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ kékeré bá pẹ́, ọkọ̀ ńlá á dúró dè wọ́n. Ẹni tó lọ bá oníṣòwò ìlú lè rí olùkọ́ tó ráyè tirẹ̀ àti owó tó rọ̀, àmọ́ bó bá pẹ́, ọkọ̀ á lọ. Fún ẹni tó ń mòòkùn fún ìgbà àkọ́kọ́, owó tó lé lórí yẹn tọ́ sí i. Ẹni tó ti mọ̀ ọ́n dáadáa lè lọ bá oníṣòwò ìlú, kó ṣáà ti jẹ́ òwúrọ̀ ló mú, kó sì mú ìwé ìrìnnà rẹ̀ dání.

Dókítà wo fọ́ọ̀mù Màmá, ó rí ẹ̀jẹ̀ ríru, ó ní kí wọ́n má lọ. Ọ̀ràn ò tíì tán síbẹ̀, torí ọkọ̀ abẹ́ omi onífèrèsé wà ní Cozumel, níbi tí èèyàn á jókòó sórí àga, tí aṣọ rẹ̀ kò ní tutù. Ọmọ lọ sí Paraíso ní òwúrọ̀, Màmá wọ ọkọ̀ onífèrèsé. Ní aago 2 ọ̀sán, aago ọkọ̀, wọ́n pàdé ní ẹnu àbáwọlé èbúté. Irun ọmọ ṣì tutù, Màmá sì ti ń ka oríṣi ẹja tí wọ́n rí fún un, wọ́n ń fi ọwọ́ wọn bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe tóbi tó.